Àtàǹpàkò Tó Gba Ìwé Valentine

Àtàǹpàkò ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀.

Bìrìgédíà Léonard, ọlọ́pàá ìlú, gbé ìwé ńlá ilé ìfìwéránṣẹ́ Dassa súnmọ́ ojú fèrèsé, ó sì wò ó títí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà 214, níbi tó yẹ kí ẹni tó gba lẹ́tà fọwọ́ sí, wọ́n lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ọn. Àtàǹpàkò tí wọ́n ti tẹ̀ bọ tàdáwà ló wà lórí rẹ̀, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Ignace," ó ní, "ẹ̀ẹ̀mélòó lo ti sọ fún ọmọ yìí pé lẹ́tà rẹ̀ kò tíì dé?"

Ignace, akọ̀wé tó ń pín lẹ́tà, fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, Ṣẹ́ẹ̀fù. Kò sì dé lóòótọ́. Lẹ́tà Valentine ló ń bèèrè, n kò sì rí Valentine kankan nínú ìwé mi."

"Ta wá ló ni 214?"

"Bàbá Ẹ̀ta ni."

Valentine, ọmọbìnrin tó jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn wọn, dìde fìrì. "Ṣùgbọ́n 214 ni wọ́n kọ sínú èsì tí Cotonou fún mi! Ẹ wò ó, Ṣẹ́ẹ̀fù. Wọ́n ní àwọn ti fi ìwé mi ránṣẹ́ láti ọjọ́ keje oṣù kẹjọ."

Léonard wo èsì náà, ó tún wo ìwé Ignace, ó sì yọ pẹ́ńsùlù tó há sí etí rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa mọ̀ pé kì í fi pẹ́ńsùlù yẹn kọ nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ ló máa ń jẹ nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ń dùn mọ́ ọn.

Ohun tó gbé Valentine dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kò ṣòro láti sọ. Ọdún keje òmìnira Dàhòmì la wà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí kan ní Dakar sì ti gbà á wọlé. Ó lọ gba pasipọ́ọ̀ ní Cotonou, ó kó ojúlówó ìwé méjì fún wọn níbẹ̀: ìwé ẹ̀rí pé ọmọ Dàhòmì ni, àti ìwé tí kóòtù fún un dípò ìwé ìbí. Wọ́n fi pasipọ́ọ̀ lé e lọ́wọ́. Ní ti ìwé méjèèjì, wọ́n ní ó ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá kan, kó máa lọ sílé, àwọn yóò fi ránṣẹ́. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́fà tó ti ń dúró. Dakar sì ti kọ̀wé pé bí kò bá mú ojúlówó méjèèjì dání, ẹlòmíràn ni àwọn yóò fún láyè. Ọjọ́ Sátidé ni ọkọ̀ ojú omi ń gbéra ní Cotonou, ọkọ̀ ojú irin tó lè bá a dé ibẹ̀ sì jẹ́ ti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Àárọ̀ Ọjọ́rú la wà yìí.

Ẹ ó ní kó lọ ṣe òmíràn. Báwo ni yóò ṣe ṣe é? Oko kan lẹ́bàá Tré ni wọ́n bí i sí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹnu ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni adájọ́ gbà gbọ́. Ọ̀kan ni ìyá àgbà Perpétue tó gbẹ̀bí rẹ̀. Èkejì ni Bàbá Ẹ̀ta, baálé àdúgbò orí àpáta, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ bàbá Valentine tó ti di olóògbé. Perpétue kú lọ́dún tó kọjá. Oṣù tó kọjá ni wọ́n túfọ̀ Bàbá Ẹ̀ta. Bí ìwé yìí bá sọnù, kò sẹ́ni kan tó kù láyé tó lè búra pé òun rí Valentine lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

"Ignace," ni Léonard tún wí, "ṣàlàyé ara rẹ."

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é níbí. Àwọn ọmọ orí òkè kò ní àpótí lẹ́tà. Orúkọ àgbà ilé ni wọ́n máa ń kọ mọ́ tiwọn kí lẹ́tà lè rí ibi gbà. Mo wá rí i pé kí n má baà máa kọ orúkọ méjì méjì, orúkọ àgbà nìkan ni mo ń kọ sínú ìwé."

"Ṣé orúkọ Valentine wà lára lẹ́tà náà?"

"Ó ní láti wà níbẹ̀."

"Ìwọ kò wá rántí?"

"Lẹ́tà pọ̀ lọ́jọ́ náà, Ṣẹ́ẹ̀fù!"

Omijé bọ́ lójú Valentine. Léonard fún un láyè kó nu ojú, ó sì ṣí ìwé náà padà sí oṣù kẹfà. Ohun tó ń wá wà níbẹ̀. Bàbá Ẹ̀ta ti ṣe ṣójà fún Faransé rí, bárékè ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀, kò sì sí ohun tó fi ń yangàn tó o. Lóṣù kẹfà, ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìlà gígùn tó lọ́ mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó gba àyè ẹni mẹ́ta nínú ìwé Ignace.

"Bàbá tó ń kọ èyí," Léonard wí, "kí ló mú un tẹ àtàǹpàkò lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ?"

"Bàbá kọ́ ló wá fúnra wọn. Tanti Justine ọmọ wọn ni. Ó ní ẹsẹ̀ Bàbá wú, ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n. Òfin ní ẹni tó ni lẹ́tà ni kó fọwọ́ sí i, nítorí náà mo fún un ní ìwé pélébé kan àti tàdáwà díẹ̀ kó lọ bá mi gba ọwọ́ Bàbá. Ó lọ, ó sì mú un padà."

"Ó pẹ́ kó tó dé?"

"Rárá o. Kọfí mi kò tíì tutù."

Léonard gba ojú fèrèsé wo òkè. Ilé Bàbá Ẹ̀ta hàn lókè lọ́hùn-ún láàárín àwọn àpáta, páànù rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tí kò sì ní ikùn bíi ti bìrìgédíà, yóò lò tó ìdajì wákàtí kó tó gùn ún débẹ̀.

"Kọfí rẹ mà gbóná o," ó ní.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bá Tanti Justine," Valentine wí. "Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní lẹ́tà kankan kò wọlé àwọn. Kí ni mo ṣe fún un? Ilé wọn ni mo dàgbà sí tán."

Ignace tẹ orí sílẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ṣẹ́ẹ̀fù, tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, ẹ lọ yẹ Bàṣírù oníṣọ́ọ̀bù wò. Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ó ń wá ìwé ọmọ onílẹ̀ lójú méjèèjì, ó sì ti ní kí Valentine fi tirẹ̀ han òun rí. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ra irú ìwé yẹn lọ́wọ́ Justine, òun ni."

Valentine gbà pé òótọ́ ni. Lóṣù kẹfà, Bàṣírù ti yẹ ìwé náà wò síwá sẹ́yìn, ó tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀.

Léonard há pẹ́ńsùlù padà sí etí, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ojú ọ̀nà ọjà ni ṣọ́ọ̀bù Bàṣírù wà. Ṣúgà, kẹrosíìnì, aṣọ, òwú, kò sí ohun tí ẹ ń wá tí ẹ kò ní rí níbẹ̀. Wúràọlá ìyàwó rẹ̀ pàtẹ kúlíkúlí sí iwájú. Nígbà tí Bàṣírù rí fìlà ọlọ́pàá, ìgò epo tó mú lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Wọ́n ní ìwé Valentine wù ọ́."

"Mo ní kí n wò ó ni! Ẹnì kan ló ń bá mi ṣètò tèmi, mo fẹ́ mọ bí ojúlówó ṣe rí kó má baà rẹ́ mi jẹ."

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Òǹtẹ̀ pupa méjì, ìwé rẹ̀ sì nípọn."

"Kí ni wọ́n kọ sínú rẹ̀?"

"Pé obìnrin ni, Ṣẹ́ẹ̀fù. Pé oko Tré ni wọ́n bí i sí. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

Léonard wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Tí o bá fá irùngbọ̀n rẹ, ẹ lè jọra díẹ̀."

Wúràọlá bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó mú ìwé kékeré tí wọ́n ká wẹ́rẹ́ jáde nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fún un ní Cotonou nígbà tó kó ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ ni, òǹtẹ̀ ọjọ́ keje oṣù kẹjọ wà lára rẹ̀. Bó ti ń ká a mọ́lẹ̀ tó sì ń tú u lójoojúmọ́, ojú ìká rẹ̀ ti fẹ́ já.

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yìí ni wọ́n bí mi sí, Ṣẹ́ẹ̀fù. Ibẹ̀ náà ni wọ́n bí ọmọ mi mẹ́rin sí. Bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ àjèjì lórí rédíò, èmi ni gbogbo ilé ń wò. Èmi náà ń dúró. Èmi ni yóò wá jí ìwé ẹlòmíràn tó ń dúró?"

Ojú ti Léonard, kò sì fi pamọ́. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Ó ti fẹ́ padà sórí kẹ̀kẹ́ nígbà tí òǹtẹ̀ yẹn tún sọ sí i lọ́kàn.

"Ọjọ́ keje lo wà ní Cotonou. Ìgbà wo lo padà dé?"

"Lọ́jọ́ kejì. Kò lè ṣì mí lọ́kàn, n kò tíì bọ́ bàtà tán tí Justine ti dé. Ó ra ọ̀pá mẹ́wàá aṣọ funfun, ó sì ra gbogbo káfúrà tó wà nínú ìgò. Ó ní kòkòrò ń jẹ aṣọ Bàbá."

"Ara Bàbá tilẹ̀ ń yá nígbà yẹn," Wúràọlá wí, "kí Ọlọ́run ṣíjú àánú wò wọ́n. Láti ọjọ́ kejì tí Justine ra aṣọ ló ti ń ra kúlíkúlí lọ́wọ́ mi láràárọ̀. Ó ní Bàbá ló ń bèèrè rẹ̀. Kò dá a dúró títí wọ́n fi túfọ̀ wọn."

"Kúlíkúlí tìrẹ yìí?"

Léonard mú ọ̀kan, ó gé e jẹ. Ó dún nínú ẹnu rẹ̀ bíi kí òkúta fọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó fi ahọ́n wá gbogbo eyín rẹ̀ bóyá wọ́n ṣì pé.

"Bàṣírù, eyín mélòó ló kù lẹ́nu Bàbá Ẹ̀ta?"

Tọkọtaya náà wo ara wọn.

"Ó tó ọdún mẹ́wàá," Bàṣírù wí, "tí n kò ti rí ohun mìíràn tí Bàbá ń jẹ ju ẹ̀kọ gbígbóná lọ."

Wúràọlá bẹ̀rẹ̀ sí í to kúlíkúlí rẹ̀ tó ti tò tẹ́lẹ̀.

Abẹ́ máńgòrò tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin ni Léonard lọ jókòó sí láti rò ó. Ó fi eyín di pẹ́ńsùlù mú.

Àtàǹpàkò Justine ni, ìyẹn kò ní kí èèyàn máa fọ́ orí. Ẹ̀yìn ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ti tẹ̀ ẹ́, kó tó padà wọlé bá Ignace. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba lẹ́tà fún bàbá rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni. Kí ló dé tó fi ń sẹ́? Bó bá jẹ́ pé ó tà á ni, ta ló rà á? Ẹni tó nílò irú ìwé yẹn jù ní gbogbo Dassa kò lè lò ó. Bó bá sì jẹ́ pé ó kórìíra Valentine, báwo ló ṣe mọ̀ pé tirẹ̀ ni? Justine kò mọ̀wé. Lẹ́tà Bàbá ni Ignace pè é, lẹ́tà Bàbá ni òun náà gbà.

Aṣọ funfun yẹn ni kò jẹ́ kó gbádùn. Ọjọ́ kẹjọ ni Justine rà á. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n túfọ̀ Bàbá. Ta ló ń ra aṣọ òkú àti káfúrà nígbà tó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí èèyàn kú?

Ìgbà náà ni Léonard rántí ilé wọn ní Tré, ó sì ṣe é bíi pé wọ́n da omi tútù sí i lára. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ wọ yàrá bàbá àgbà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. "Bàbá ń sinmi," ló máa ń wí fún gbogbo èèyàn. Ó rántí pé òun bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí òórùn ọbẹ̀ Bàbá fi ń jáde lẹ́nu ìyá. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí ìyá rẹ̀ gbá a lójú.

Ní àwọn àdúgbò orí àpáta wọ̀nyẹn, baálé kì í kú láàárín ìgbà tí iṣu tuntun bá wọ̀lú sí ìgbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́. Bó bá kú, kò tíì kú. Àwọn àgbà á rọra sin ín sínú yàrá rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan á sì búra pé ohunkóhun tó bá wọ yàrá náà láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ẹnu òun kò ní sọ ọ́ láéláé. Á máa gbé oúnjẹ wọlé, á máa jẹ ẹ́ níbẹ̀, á máa gbé àwo jáde. Nígbà tí wọ́n bá jẹ iṣu tán, wọ́n á túfọ̀ baálé, fadá náà á sì ka àdúrà lé pósí lórí. Ohun tó wà nínú pósí náà, ẹ má bi mí, ẹ má sì bi fadá.

Ọjọ́ kẹjọ ni Bàbá Ẹ̀ta kú. Ọjọ́ kọkànlá ni Ignace ránṣẹ́ sókè pé lẹ́tà Bàbá ti dé. Kí ni Justine ì bá ṣe? Bí kò bá lọ gbà á, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ohun tó ń ṣe Bàbá. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbà á, ó sì gbé e lọ fún ẹni tó ni ín bó ṣe ń gbé kúlíkúlí lọ. Nígbà tí Valentine wá bèèrè, lẹ́tà náà ti wọ ibi tí ìbúra rẹ̀ bò mọ́lẹ̀.

Inú Léonard dùn débi pé ó gé ìdí pẹ́ńsùlù náà já. Inú rẹ̀ sì tún bàjẹ́ kó tó tu igi rẹ̀ jáde. Mímọ̀ ni, gbígbà kọ́. Àkọ́bí Bàbá tó wà ní Abidjan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mú nǹkan jáde nínú yàrá yẹn, kò sì ní dé títí di Kérésìmesì. Òótọ́ ni pé bìrìgédíà lè fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn kílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ojú oórì baálé ni ilẹ̀kùn yìí wà. Bó bá sì bi Justine ní gbangba, obìnrin náà á sẹ́ títí yóò fi kú. Bó bá sì jẹ́wọ́, àwọn àgbà kò tún ní bá a jókòó mọ́ láyé.

Ó gbà á ní odindi ọ̀sán kan. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lọ pe Valentine, wọ́n sì jọ gun òkè.

Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni Léonard dúró sinmi, tó ń ṣe bí ẹni tó ń wo ìlú. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn ilé Bàbá Ẹ̀ta, ó ní kí Valentine jókòó sórí àpáta kó dúró de òun. Ọmọ náà kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ mẹ́ta, ó hàn lójú rẹ̀.

Justine ti lé ní àádọ́ta ọdún, opó ni, òun ló sì tọ́jú bàbá rẹ̀ dé òpin. Ó gbé omi fún àlejò nínú igbá. Léonard gbà á, ojú rẹ̀ sì lọ síbi tó ti fẹ́ kó lọ. Àpá ọ̀bẹ kan gba àárín àtàǹpàkò rẹ̀ ọ̀tún kọjá.

"Àpá yìí ti pẹ́, Tanti?"

"Níbi tí mo ti ń bẹ gbágùúdá ni." Ó fi ọwọ́ náà sábẹ́ ìró.

"Ta ló gba lẹ́tà Bàbá lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ?"

"N kò mọ lẹ́tà kankan."

"Ignace ní ẹ̀yin ni."

"Mo ní n kò mọ̀ ọ́n, Ṣẹ́ẹ̀fù! Kí ẹ dè mí, kí ẹ máa mú mi lọ, n kò mọ̀ ọ́n!"

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ńlá tì, tí màrìwò gbígbẹ sì rọ̀ sí lára. Léonard rí i pé obìnrin yìí kì í ṣe òpùrọ́, pé irọ́ náà ti ń jẹ ẹ́ lára láti ọjọ́ tí Valentine kọ́kọ́ wá. Àánú rẹ̀ ṣe é gidi.

Ó gbé igbá sílẹ̀. Ó ṣí fìlà ìjọba kúrò lórí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹnikẹ́ni tó gun òkè wá kí baálé ṣe máa ń sọ ọ́.

"Ẹ bá mi kí Bàbá."

Justine wò ó. "Ṣẹ́ẹ̀fù, Bàbá ti..."

"N kò bi yín ní ohunkóhun mọ́, Tanti. Iṣẹ́ ni mo fẹ́ rán yín. Ẹ sọ fún Bàbá pé Léonard ọmọ Tré wá kí wọn. Ẹ ní Valentine, ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, ń lọ sí Dakar lọ́la, ìwé tó fẹ́ mú lọ sì wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ní bí wọ́n bá ti rí i tán, kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ránṣẹ́ sí i. N kò ní kí ẹnikẹ́ni mú nǹkan kan jáde níbẹ̀. Ohun tí Bàbá bá fúnra wọn fi ránṣẹ́ ni mo dúró gbà."

Justine rẹ ohùn wálẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ìyá mi náà jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Obìnrin náà dìde. Ó tú kọ́kọ́rọ́ láti etí ìró rẹ̀. Níwájú ilẹ̀kùn, ó bọ́ bàtà, ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń retí ìdáhùn, ó sì wọlé. Léonard gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Nígbà tí Justine jáde, àpò ìwé aláwọ̀ ilẹ̀ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí i. Òórùn káfúrà bá a jáde.

"Bàbá ní kí ẹ má bínú," ó wí. Ó ń wo ilẹ̀. "Bàbá ní àwọn kò mọ̀ pé ti ọmọ náà ni. Wọ́n ní ká ní àwọn mọ̀ ni, àwọn ì bá ti fi ránṣẹ́ tipẹ́. Wọ́n ní ó dun àwọn gan-an bó ṣe ń wá tó sì ń padà lọ́wọ́ òfo."

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ni Léonard dáhùn, ó sì ké sí Valentine.

Valentine fa àpò náà ya. Ìwé méjèèjì wà nínú rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa wọn pé. Ní ìsàlẹ̀ ìwé kóòtù, ìlà gígùn Bàbá Ẹ̀ta lọ́ mọ́ra wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó sọ pé òun fi ojú ara òun rí ọmọ yìí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Valentine wo ìwé náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo Justine, ó wo ilẹ̀kùn tí màrìwò rọ̀ sí. Ọmọ orí òkè ni, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ó kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí, ó kọjú sí ilẹ̀kùn náà.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ń lọ o."

"Bàbá ní..." Justine bẹ̀rẹ̀. "Bàbá ní kó o lọ ire, kó o bọ̀ ire. Bàbá ní..."

Ẹkún gbé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n túfọ̀, ó ti sunkún láàárín èrò bí wọ́n ṣe ní kó sun ún. Ọjọ́ mọ́kànlá tó ṣáájú ìyẹn, ó ti jókòó ti bàbá rẹ̀ nínú òkùnkùn yàrá yẹn tó ń fọ́ kúlíkúlí lẹ́nu, ojú rẹ̀ gbẹ, nítorí wọn kì í sunkún ẹni tó ń sinmi. Ẹkún ọjọ́ wọ̀nyẹn ló ń sun báyìí. Valentine dìde, ó gbá a mọ́ra, Léonard sì lọ dúró sórí àpáta, ó ń ṣe bí ẹni tó ń wo ìlú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ ojú irin gbé Valentine lọ. Justine sọ̀kalẹ̀ wá sìn ín dé ibùdókọ̀. Bàṣírù náà wá, ó ní kó jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun tún wo òǹtẹ̀ pupa yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì wò ó pẹ́.

Léonard padà sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá rẹ̀ ní Abomey ń retí ìwé lórí lẹ́tà tó sọnù. Ó yọ èyí tó kù nínú pẹ́ńsùlù láti etí rẹ̀, ó wá ọ̀bẹ, ó gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ó sì fi í kọ̀wé fún ìgbà àkọ́kọ́:

"Lẹ́tà nọ́ńbà 214 kò sọnù. Ọwọ́ àgbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára ló wà. Nígbà tí mo ránṣẹ́ bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án, ó dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ó ní ká má bínú."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì bóyá irọ́ wà níbẹ̀. Kò rí ẹyọ kan, ó sì fọwọ́ sí i.